Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọ̀gá rédíò Àbújá: orin yìnyín ti sú wa, ẹ gbé orin ọdún tiwa sí i

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ ń darí ilé iṣẹ́ rédíò FM káàkiri Àbújá, ẹ̀yin olóòtú ètò, ẹ̀yin atọ́kùn tí ohùn yín ń bá wa jí lárààárọ̀, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o.

Ọ̀rọ̀ orin Kérésì tí ẹ máa ń fi sí i fún wa lọ́dọọdún ni mo bá wá. Mo ti rojọ́ ẹ̀ fún ọkọ mi títí ó fi sú u, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti fi ohùn ránṣẹ́ sí nọ́ńbà WhatsApp tí ẹ máa ń kà síta, atọ́kùn kan dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo ń gbọ́ wọn, orin tí mò ń torí ẹ̀ pariwo gan-an ló tún fi sí i tẹ̀lé e. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ní kí n kọ ọ́ síta báyìí, kí gbogbo èèyàn lè bá mi kà á.

Télọ̀ ni mí, Kubwa ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé Dìsẹ́ḿbà ni ìkórè télọ̀. Aṣọ Kérésì, aṣọ ìgbéyàwó, aṣọ ẹbí àwọn tó ń lọ sin òkú nílé, gbogbo ẹ̀ ló máa ń já lu ara wọn, ojú wa kì í kúrò lẹ́nu abẹ́rẹ́, ọwọ́ wa kì í kúrò lára aṣọ, kò sáyè tẹlifíṣọ̀n, kò sáyè pé à ń tẹ fóònù. Etí nìkan ló ṣẹ́ kù, ẹ̀yin lẹ sì ni etí yẹn. Láti aago méje àárọ̀ tí mo bá ti ṣílẹ̀kùn títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà míì títí di ìdájí tí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, rédíò mi kì í sinmi. Tí wọ́n bá mú iná lọ mo máa ń ki bátìrì sí i. Torí náà kì í ṣe pé mo kàn ń kọjá lọ lójú títì, mo gbọ́ orin kan, mo wá ń bínú. Inú ẹ̀ ni mò ń gbé.

Dìsẹ́ḿbà tó kọjá, ọjọ́ Sátidé kan, mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mú ṣọ́ọ̀kì tí a fi ń sàmì sára aṣọ, kó máa fa ìlà kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí a ti ń gé aṣọ nígbàkígbà tó bá ti gbọ́ orin Kérésì Mariah Carey, olórin Amẹ́ríkà yẹn, èyí tó gbé jáde ní 1994. Ilé iṣẹ́ rédíò kan ṣoṣo la gbọ́ lọ́jọ́ náà, a ò yí i rárá. Nígbà tí a máa fi ti ṣọ́ọ̀bù, ìlà mọ́kànlá ló wà lára tábìlì, fún orin ẹyọ kan, lọ́jọ́ kan. Mo tún ní kó fàyè sílẹ̀ lápá ọ̀tún fún orin ọdún tí wọ́n bá kọ ní Yorùbá, tàbí ní Hausa, tàbí ní Ígbò, tàbí ní Tiv, tàbí ti àwọn Gbagyi tí wọ́n ni ilẹ̀ tí gbogbo wa ń tẹ̀ yìí. Apá ọ̀tún yẹn mọ́ roro. Ìlà kan ò sí níbẹ̀. Mi ò jẹ́ kí wọ́n nu tábìlì náà, ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ dòní.

Ẹ jẹ́ kí n to ẹjọ́ mi kalẹ̀.

1. Ẹ máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ jù, ẹ sì máa ń dá a dúró nígbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀.

A kì í tíì ká àsíá Òmìnira ọjọ́ kìíní Òkítóbà nílẹ̀ tán tí ẹ máa ti máa fi agogo ṣaworo-ṣaworo sábẹ́ ìpolówó ọjà. Tí Nòfẹ́ḿbà bá dé ó ti di odidi orin nìyẹn. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, ohun tí wọ́n kọ́ wa láti kékeré ni pé ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin tó ṣáájú Kérésì, Advent ni, à ń retí ni, à ń múra sílẹ̀ ni, Kérésì fúnra ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 25 Dìsẹ́ḿbà, ọjọ́ méjìlá gbáko la sì fi ń ṣe é, títí ó fi máa kan ọjọ́ 6 Jánúárì tí a ń rántí àwọn amòye tó wá láti ìlà oòrùn. Ẹ̀yin ńkọ́? Tí ilẹ̀ ọjọ́ 26 bá ti mọ́, orin Kérésì ti pòórá lórí rédíò yín, ẹ ti padà sí orin ijó. Ẹ ti fi bíi oṣù méjì lá ọbẹ̀ ọdún kí ọdún tó dé, ọdún wá dé tán, ìkòkò ti gbẹ. Kí ọjọ́ 25 fúnra ẹ̀ tó dé, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á ti máa bẹ̀ mí pé Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká pa á. Ẹ wo nǹkan tí ẹ sọ orin ọdún dà, ohun tó yẹ kí èèyàn sáré wá gbọ́ ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ kí n pa.

2. Ta ló ni orin tí ẹ ń fi sí i?

Mi ò bínú sí òyìnbó tó kọrin nípa ìlú ẹ̀ o. Ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ mú Jingle Bells. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ James Pierpont ló kọ ọ́, 1857 ló jáde, orúkọ tó sì kọ́kọ́ jẹ́ ni One Horse Open Sleigh. Kò sí Jésù nínú ẹ̀. Kò sí Màríà, kò sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ọ̀rọ̀ Kérésì gan-an ò sí níbẹ̀. Ẹṣin ló ń wọ́ ọkọ̀ tí kò ní táyà lórí yìnyín, àwọn ọ̀dọ́ jókòó sínú ẹ̀, wọ́n ń gbádùn ara wọn, ó parí. Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ jókòó sábẹ́ tábìlì mi lọ́jọ́ kan, ó ń ṣa bọ́tìnì láwọ̀láwọ̀, ó bi mí pé Mọ́mì, kí ni sleigh. Mo ṣàlàyé. Ó ní kí ni yìnyín yẹn ń ṣe nílẹ̀, ṣé kì í yọ́ ni? Mo ṣàlàyé. Ọyẹ́ ń fẹ́ wọlé láti ẹnu ọ̀nà, eruku pupa ti bo aṣọ funfun tí mo fi kọ́, ètè ọmọ náà ti là, mo ń fi òrí pa á lẹ́nu fún un, mo sì ń ṣàlàyé yìnyín. Ó dùn mí. Ọyẹ́ tó ń ṣe é lára yìí, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ lórin fún un.

Lọ́sẹ̀ kan náà, ìyá kan gbé ọmọ ẹ̀ ọkùnrin wá kí n rán aṣọ Father Christmas fún un fún ètò ìparí sáà ní iléèwé. Fẹ́lífẹ́ẹ̀tì pupa, tó nípọn, pẹ̀lú fìlà, a sì máa fi òwú funfun lẹ̀ ẹ́ létí kó lè jọ yìnyín. Nígbà tó wọ̀ ọ́ wò ní ọ̀sán gangan, òógùn ń ṣàn láti iwájú orí ẹ̀ bọ́ sójú, òwú yẹn ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Rédíò ń kọrin lórí wa pé kí òtútù máa bọ̀. Ọmọ yẹn ò sọ nǹkan kan, ó dúró dáadáa kí n lè gún abẹ́rẹ́ sí i. Èmi tí mo mú owó iṣẹ́ náà ni mi ò gbàgbé.

Ẹ tún mú White Christmas. Irving Berlin ló kọ ọ́, Bing Crosby gbé e sínú àwo ní 1942, ogun àgbáyé kejì ń jà lọ́wọ́ nígbà yẹn, àwọn sójà Amẹ́ríkà tí wọ́n wà lókè òkun sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an torí pé àárò ilé ló wà nínú ẹ̀. Ẹni tó ń kọrin náà ń rántí ọdún bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é níbi tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Orin yẹn yé mi dọ́ba, ó yé mi ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí àárò ilé ń ṣe èmi náà. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n bí mi sí. Tó bá di àárọ̀ Kérésì, àwa ọmọdé á gbá agolo mílíìkì jọ, a ó dá ihò sí i, a ó fi igi lù ú, a ó máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, orin la fi ń tọrọ ìrẹsì, àgbà tó bá ní òun ò ní fún wa ní nǹkan, orúkọ ẹ̀ la máa fi sínú orin títí tó fi máa rẹ́rìn-ín. Tó bá di alẹ́ àìsùn, kwáyà á kó ìlù bọ́ síta, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, dùndún, èéfín igi tí wọ́n fi ń yá iná á gbà gbogbo àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, báńgà á máa dún lókè lọ́hùn-ún. Ohun tí mò ń ṣàárò nìyẹn. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún tí mo ti wà ní Àbújá, gbogbo Dìsẹ́ḿbà tí mo fi wà níbí, àárò ẹlòmíì ni rédíò ń bá mi kọ, kò bá mi kọ tèmi rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ro iye èèyàn tó wà nílùú yìí tí ilé wọn jìnnà, ará Ọ̀yọ́, ará Kàbà, ará Gboko, ará Nsukka, ará Zaria, gbogbo wa la jókòó ti rédíò lálẹ́ ọjọ́ 24, à ń gbọ́ bí yìnyín ṣe ń bọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù nínú wọn ni orin tí àwọn olórin ìlú ọba kóra jọ kọ ní 1984 láti fi wá owó fún àwọn tí ìyàn ń pa ní Ethiopia. Wọ́n ṣe dáadáa tí wọ́n wá owó náà, mi ò ní bá ẹni tó fún ebi lóúnjẹ jà. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohun tí orin yẹn ń bi wá: ṣé àwọn èèyàn wọ̀nyẹn tiẹ̀ mọ̀ pé Kérésì ti dé? Ethiopia, ilẹ̀ tí ọba wọn Ezana ti gba ẹ̀sìn Kírísítì láàárín àwọn ọdún 300, kí ọ̀pọ̀ ìlú òyìnbó tó gbọ́ orúkọ Jésù rárá, tí wọ́n sì ń ṣe Kérésì tiwọn lọ́jọ́ 7 Jánúárì dòní olónìí. Orin náà tún ń káàánú wa pé yìnyín ò ní bọ́ ní Áfíríkà, àfi bí ẹni pé àìsí yìnyín ni òṣì wa. Àwọn tó kọ ọ́, wọn ò mọ̀ wá. Ẹ̀yin mọ̀ wá. Ọmọ Nàìjíríà ló jókòó sí stúdíò ní Àbújá tó tẹ orin yẹn fún ọmọ Nàìjíríà tó ń gbọ́ ọ nínú ooru, kò sì sẹ́ni tó rò ó wò.

Màlámù tó ń ta tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, rédíò mi lòun náà ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó bi mí lọ́dún méjì sẹ́yìn pé Ìyá, ṣé inú Bíbélì yín ni ọ̀rọ̀ yìnyín yìí wà? Ó fẹ́ mọ̀ tọkàntọkàn ni. Mo ní rárá o, kò sí níbẹ̀. Ó ní ta ló wá ní kí ẹ máa kọ ọ́ tí ẹ bá ń ṣọdún wòlíì yín? Mi ò rí èsì fọ̀.

3. Ẹ fi orin yẹn pa ètò tí ẹ̀mí wa wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Lójoojúmọ́ nínú ọdún, láàárọ̀, ẹ máa ń sọ fún wa bí ọ̀nà ṣe rí, Nyanya ti dí, Berger ń lọ díẹ̀díẹ̀, kí àwọn ará Lugbe yára jáde. Ẹ ṣeun fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni gbogbo Àbújá ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà? Ọ̀sẹ̀ Kérésì ni. Páàkì Jábì àti Utako á kún fọ́fọ́, mọ́tò á máa wọ́ tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà Lokoja, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lẹ máa ń fún ètò ojú pópó nísinmi tí ẹ máa ń ti kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kó máa fi orin sí i tẹ̀léra tẹ̀léra bí wọ́n ṣe tò ó.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọjọ́ 22 Dìsẹ́ḿbà, èmi, ọkọ mi, ọmọ mẹ́ta àti ìyá ọkọ mi, à ń lọ sílé. A kọjá Gwagwalada, a ò tíì dé Kwali, gbogbo nǹkan dúró. Tíréélà kan ló ti dábùú ọ̀nà níwájú, ṣùgbọ́n àwa ò mọ̀ nígbà yẹn, ohun tí a rí kò ju ìdí mọ́tò lọ títí ibi tí ojú lè rí i dé. Rédíò Àbújá ṣì ń wọlé dáadáa níbẹ̀. Ọkọ mi ń yí i, ibí yìí orin, ibẹ̀ yẹn orin, orin kan náà nígbà míì. A fi wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ jókòó síbẹ̀. Omi tán. Àbúrò nínú àwọn ọmọ náà ń sunkún, ìyá ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ẹ̀ wà nínú báàgì tó wà ní búùtù, mo bọ́ sílẹ̀ láàárín eruku lọ wá a, dírẹ́bà tó wà lẹ́yìn wa ló fún un lómi tó fi lò ó. Ìpolówó ìrẹsì ń jáde láàárín orin, ìpolówó hámípà ń jáde. Ìpolówó ò gba ìsinmi. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá jókòó sí stúdíò, tó bá pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lórí 122, tó bá sọ fún wa pé tíréélà ti dí ọ̀nà níwájú Kwali, kí ẹni tí kò tíì kúrò ní Zuba dúró síbẹ̀ kó jẹun, ìyẹn ì bá ti gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lọ́wọ́ wàhálà. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan torí kò sí èyí tó yàtọ̀ nínú gbogbo èyí tí a yí dé lọ́jọ́ náà.

4. Ẹ má sọ pé kò sí orin ọdún tiwa.

Èsì tí mo máa ń gbọ́ nìyí: ohun tí èèyàn fẹ́ ni, tiwa ò pọ̀, èyí tó wà ò mọ́ létí. Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn.

Onílù kan wà tó ń jẹ́ Babatunde Olatunji, ọmọ Àjìdó lẹ́bàá Badagry, ó lọ kàwé ní Morehouse College ní Atlanta lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní 1950. Ó kọ́ wọn ní orin Kérésì kan lédè Yorùbá, Betelehemu lorúkọ ẹ̀, Wendell Whalum tó ń darí kwáyà wọn tún un tò fún wọn. Dòní ni kwáyà Morehouse ṣì ń kọ ọ́ nígbà Kérésì, pẹ̀lú ìlù, pẹ̀lú ijó, àwọn kwáyà yunifásítì míì ní Amẹ́ríkà náà ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ tí kò mọ Yorùbá ń ṣe ohùn òkè ohùn ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè pè é re. Mo wò ó lórí YouTube nínú ṣọ́ọ̀bù, mo dá máṣíìnì dúró, omi bọ́ lójú mi, gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi kóra jọ sẹ́yìn mi. Orin tí Atlanta ń kọ, Àbújá ò fi sí i. Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Ẹ wo àwọn mùsùlùmí wa náà. Àwọn ọmọkùnrin tó ń lu wéré láàárín òru nínú Ramadan kí àwọn èèyàn lè jí jẹ sààrì, orin ìgbà ọdún ni wọ́n ń kọ, ibẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni fújì ti jáde wá. Orin tó kárí ayé báyìí, orin àkókò ààwẹ̀ ló bí i! Torí pé àwọn èèyàn fún un láyè ni, wọ́n ṣe ìdíje ẹ̀, wọ́n gbé e sínú àwo, rédíò gbé e. Orin Kérésì tiwa lè bí nǹkan bẹ́ẹ̀ náà tó bá rí ẹni tó máa fi í sétí ayé.

Ọ̀rọ̀ pé ṣé ó mọ́ létí wá ńkọ́. Baba T.K.E. Phillips tó jẹ́ olùdarí orin ní kàtídírà Áńgílíkà ní Marina l'Ékòó kọ̀wé lórí orin Yorùbá ní 1953, ohun tó ń jà fún kò sì ṣòroó lóye: tí èèyàn bá gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin òyìnbó, ohùn á yí ọ̀rọ̀ náà padà, ọkọ́ á di ọkọ̀, ìtumọ̀ á bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi ń ṣe orin tó tẹ̀lé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó lé ní àádọ́rin ọdún tí wọ́n ti ṣe ìyẹn fún wa. Iṣẹ́ ti wà nílẹ̀, ṣíṣí la ò ṣí i.

Ẹ má sì lọ jìnnà. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì èyíkéyìí ní Bwari, ní Karu, ní Dutse Alhaji, lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì. Àwọn obìnrin Zumunta Mata, ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, ń kọ orin Kirsimeti lédè Hausa, wọ́n ń lu igbá àti ìkòkò, ilẹ̀ ń mì. Ọ̀kan nínú àwọn kọ́sítọ́mà mi, ọmọ Gbagyi ni, ó wá wọn aṣọ kwáyà wọn lọ́dọ̀ mi, aṣọ méjìlélógún, nígbà tí mò ń wọn èjìká ẹ̀ ó ń kọ orin tí wọ́n ń múra ẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ àfi Yesu, síbẹ̀ mo ní kó tún un kọ, ó tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bi í pé ṣé wọ́n ti gbé e lórí rédíò rí. Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu, ó ní ta ló máa gbé e?

Tó bá jẹ́ owó ni, ẹ wo fóònù tó wà lọ́wọ́ yín, ó tó gba ohùn sílẹ̀. Ẹ rán ọmọ iṣẹ́ yín kan sí kwáyà kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ Nòfẹ́ḿbà, kí Dìsẹ́ḿbà tó dé ẹ ó ti ní orin kwáyà mẹ́rin, kò ná yín ju owó mọ́tò lọ. Àwọn olórin tó sì ti ṣe àwo, ẹ san ẹ̀tọ́ wọn fún MCSN, ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn olórin gba owó orin wọn, kó lè dé ọ̀dọ̀ wọn, torí ẹni tó kọrin Yorùbá tí kò rí kọ́bọ̀ nídìí ẹ̀, kò ní kọ òmíì.

5. Iléyá àti ọdún Ààwẹ̀. Èyí ò gùn. Tí ẹ bá lè fi oṣù méjì kọrin Kérésì, kí ló dé tí ọdún àwọn mùsùlùmí fi máa ń gba wákàtí díẹ̀ pẹ̀lú ìkíni gómìnà àti mínísítà? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin Àlájà ni, inú ilé kan náà la ti ń ṣe ọdún méjèèjì, èmi ń bá a dín ẹran, òun ń bá mi dín ẹran. Ẹ pín in dọ́gba. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní NBC náà, mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí máa dé ọ̀dọ̀ yín, 1992 ni òfin dá yín sílẹ̀ láti máa mójú tó ohun tí à ń gbọ́, ìlànà yín fúnra yín ló sì ní kí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí rédíò ń gbé jáde jẹ́ ti Nàìjíríà. Ìlànà yẹn ò sọ pé àyàfi Dìsẹ́ḿbà. Ẹ bá wa gbọ́ rédíò lọ́sẹ̀ Kérésì bí ẹ ṣe máa ń gbọ́ ọ nígbà ìbò.

Ohun tí mo ń bèèrè rèé. Kí orin Kérésì má ṣe bẹ̀rẹ̀ kó tó di ọjọ́ kìíní Dìsẹ́ḿbà, kó sì máa lọ títí di ọjọ́ 6 Jánúárì. Nínú orin ọdún méjì tí ẹ bá fi sí i, kí ọ̀kan jẹ́ tiwa, kí tiwa yẹn má sì jẹ́ ti Yorùbá nìkan. Kí orin ẹyọ kan má ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lóòjọ́. Kí èèyàn kan wà ní stúdíò tọ̀sán-tòru láti ọjọ́ 20 Dìsẹ́ḿbà títí ìlú á fi padà wọlé ní Jánúárì, tó máa sọ bí ọ̀nà ṣe rí lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà Lokoja, ọ̀nà Kaduna, ọ̀nà Keffi. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mi ò lè gba nǹkan míì dípò ẹ̀, tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ máa ṣe, ẹ ṣáà ṣe é.

Mo máa nu tábìlì mi lálẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn Nòfẹ́ḿbà. Tó bá di aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì mo máa tan rédíò, ṣọ́ọ̀kì máa wà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mi, apá òsì fún orin yìnyín, apá ọ̀tún fún tiwa. Tí a bá ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, màá ya fọ́tò ẹ̀, màá fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà WhatsApp yín, lálaalẹ́, títí ọdún á fi parí.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Tọ́lá, télọ̀
Kubwa, Àbújá